Irọ́ Abẹ́ Ọkọ̀

"Rọ́bà bíréèkì ńkọ́? Ṣé o ti pààrọ̀ rẹ̀?"

Abẹ́ ọkọ̀ ni ọmọbìnrin kan wà nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í. Ìjì ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í rọra ṣe nǹkan kan. Ó wo nọ́ọ̀tì tó di rọ́bà àtijọ́ mú, tó ti dípẹtà, èyí tó ti ń bá jà láti àárọ̀ tí kò yí. Rọ́bà tuntun ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, Bàbá."

"O káre. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé síbẹ̀ yìí ti lágbára ju ara ọkọ̀ lọ. Bí kò bá rí ohun tó máa dá a dúró, ó ti di ẹranko nìyẹn."

Mẹkáníìkì ni bàbá. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré àtijọ́ náà wà tẹ́lẹ̀, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, kí bàbá tó fi ta Ìjì lọ́rẹ. Oṣù mẹ́jọ ni Ìjì fi tún un ṣe. Ó yọ síìtì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó fọ gíà, ó tún wáyà tò. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni bàbá bá a gbé. Ìjì sì ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé òun nìkan lòun ń ṣe é. Báwo ni yóò ṣe wá pe bàbá sí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo? Bó bá sì sọ òtítọ́, kò sí ìdíje eré ọkọ̀ lọ́la nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà lójú ọ̀nà ìdíje. Bẹ́líìtì fún un láyà. Ọkọ̀ pupa kan wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, àwọn tó ń dúró de àyè tiwọn sì tò sẹ́yìn. Láàárọ̀, bíréèkì ṣì mú díẹ̀. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlé bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.

Ó lè nawọ́ síta kí àwọn alábòójútó ìdíje dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo: "Ìjì! Má dójú tì wá o!"

Ó sọ sínú pé, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Màá fi gíà dá a dúró."

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Ó gba ipò kìíní, àmọ́ kò ráyè yọ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó kanlẹ̀ gbì, kò mú. Ó fà á sí gíà kejì, ọkọ̀ han gooro, kò dúró. Ó lọ forí sọ òkìtì táyà tí wọ́n tò sópin ọ̀nà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ilẹ̀kùn ti tẹ̀ wọnú, ó ti há ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárì. Kò ṣeé sún síwájú, kò ṣeé fà sẹ́yìn. Òórùn epo gba inú ọkọ̀. Ó gbọ́ tẹ́nì kan ń fi ayùn gé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Bàbá ni.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa. Nọ́ọ̀tì ò yí. Ojú ń tì mí láti pè yín."

Ayùn dúró díẹ̀. "Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀tì kọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo pe wẹ́dà, ó fi iná yọ ọ́. Ṣé ojú tì mí? Má mira, ọmọ mi."

Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó fà á jáde. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá síbi méjì. Orí ibùsùn ló wà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó ṣe tirẹ̀ láàárín àwọn àbúrò. Àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ wá kí i lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá mọ́. Bàbá nìkan ló ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí o kò bá lè dá ṣe, pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ tán, àbámọ̀ ló ń pẹ́ lára.