Ẹja Wúrà Ara Kálàmù Phebe

Ìka ni Phebe fi mọ̀ pé wọ́n ti ja òun lólè. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í fọwọ́ pa ẹja wúrà ara kálàmù oníyíǹkì tí olóògbé ọkọ rẹ̀, atukọ̀ òkun, rà ní Jàpáánù. Ìpẹ́ ẹja náà máa ń ga sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn ní Iléṣà, lọ́dún 1974, ara kálàmù dán bọ̀rọ́.

"Cecilia, èyí kọ́ ni ti bàbá rẹ. Sílásì ti pààrọ̀ rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ gbé e símú. Ọ̀dà ilẹ̀kùn ló ń rùn! Sílásì tó ń tún kálàmù ṣe l'Óṣogbo ló wá kí opó náà kú ara fẹ́ra kù, ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó ní kálàmù náà kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n òun á bá a fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wá dá pa dà nìyí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Cecilia àti ọlọ́pàá kan, Sájẹ́ǹtì Ògúnmọ́lá, tó wọ agbádá bí oníbàárà, dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Sílásì l'Óṣogbo. Wọ́n gbọ́ tí Sílásì ń bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀:

"Alhájì, oje igi ni wọ́n fi ń kùn ún, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Dúdú lásán ló kéré jù. Èyí tí wọ́n bu ẹ̀tù wúrà sí ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wúrà rẹ̀ ga lára báyìí ni ọba wọn. Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Cecilia ò lè mú un mọ́ra. "Olè! Ti bàbá mi nìyẹn!"

Sílásì já kálàmù gbà lọ́wọ́ Alhájì, ó gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn bẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó yí ilé po, ó ti wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́. Sájẹ́ǹtì fi mọ́tò lé e. Oríta Ìwàràjà ló ti dá bọ́ọ̀sì náà dúró. Sílásì wà lẹ́yìn pátápátá, ó di búrẹ́dì kan mú, kò jẹ ẹ́.

"Kálàmù dà?"

"Mo ti jù ú sígbó, sà."

"Jẹ búrẹ́dì ọwọ́ ẹ."

"Ebi ò pa mí."

"Mo ní kó o jẹ ẹ́!"

Ògúnmọ́lá já búrẹ́dì náà gbà, ó fà á ya. Kálàmù já bọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Iléṣà, Sílásì jẹ́wọ́. Opó mẹ́fà ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

"Afọ́jú ńkọ́? Kí ló dé tó o yàn án?"

"Mo rò pé kò ní mọ̀."

Sájẹ́ǹtì tutọ́ bí ẹni tí eṣinṣin kó sí lẹ́nu.

Cecilia mú ìyá rẹ̀ wá sí àgọ́ náà, wọ́n sì gbé kálàmù lé Phebe lọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Sílásì dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ dárí jì mí, ìyá!"

Phebe fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ.

"Cecilia, bu omi wá. Ẹsẹ̀ yìí ni màá kọ́kọ́ fọ̀ ká tó lọlé."