Akoto Tí Fọlá Béèrè

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọládiméjì ti ń gun alùpùpù, láti Ìkòròdú títí dé Peckham ní London, kò sì ṣubú rí. Ó máa ń sọ pé ó yẹ kí òfin akoto yọ àgbà ọ̀jẹ̀ bíi tòun sílẹ̀. Bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn. Bí oníwàásù bá ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ronú pìwà dà, á bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan, Fọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní Catford. Ọládiméjì ní òun á gbé e. Akoto kan ṣoṣo ló wà, ó sì fi í kọ́ ọwọ́ alùpùpù.

"Uncle, helmet mi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n wọ ìyẹn now."

"Èmi ni mo fẹ́ gbé ẹ. Thirty years, Fọlá. Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó mú akoto náà, ó sì dé e sórí ara rẹ̀ kí omi má bàa wọ òun lójú. Ní kọ́nà kejì, táyà yọ̀. Ọládiméjì dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Fọlá kò dìde.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo fún un ní helmet, Sister mi. Ó ní á ba irun òun jẹ́."

Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá náà nìyẹn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ tí kò lè fèsì wí: "Fọlá, nítorí irun?" Ojú ti Ọládiméjì débi pé kò lè dúró nínú yàrá náà mọ́.

Vincent, tí wọ́n jọ ń fi alùpùpù jíṣẹ́, bá a níta. Ọládiméjì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Uncle, Jésù kú fún irọ́ yẹn gan-an. Ẹ kó o fún un."

"Mo ti wà ní church kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ìyẹn ò yọ yín sílẹ̀, sir."

Ọládiméjì kúnlẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa. Fọlá béèrè fún helmet náà, èmi ni mo dé e."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọládiméjì lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá. Ọjọ́ kẹrin ni Fọlá lajú. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbé fóònù Ọládiméjì títí di òní, ṣùgbọ́n Ọládiméjì ti lè gbàdúrà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ọdún mélòó lo ti lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń jẹ̀bi ohun tí ìwọ ṣe? Jésù fi orí tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gún kó lè bo tìrẹ. Jẹ́wọ́ fún un báyìí, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, lẹ́yìn náà kó o lọ bá ẹni tó o parọ́ mọ́.