Odi Tó Ń Fá Irùngbọ̀n Bàbá Mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi lọ́jọ́ tí mo pàdé ọkọ mi ni pé, ṣé orí ọkùnrin yìí pé báyìí?

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àwọn mìíràn ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Ó gbé kóòtù funfun kan wá, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ máa ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun á dúró gbà á. Mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo nà án sí i lórí káńtà. Dípò kó sanwó kó máa bá tirẹ̀ lọ, ńṣe ló gbé kóòtù náà, ó fi bo ojú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń mí sínú aṣọ gbígbóná níwájú àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnu yà mí. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

"Ara mi le," ó ní láti inú aṣọ. "Ó gbóná dáadáa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó dùn báyìí?"

Mo sọ fún un pé aṣọ ni mo fún un, kì í ṣe búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó lọ. Nígbà tí ilé dá, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé aṣọ ìrọ̀rí kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo fi bo ojú tèmi náà. Háà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹun nídìí áyọ́ọ̀nù, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kóòtù kan ló ní tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ra òmíràn, kó lè máa rí nǹkan gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Bó bá bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ kò já, á gbé e sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé tán, á dúró lójú fèrèsé, á máa yọ̀ bí ẹni tó bá òjò ta ayò tó sì jẹ. Èmi tí inú ń tètè bí, tí ẹnu mi mú ju abẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ, mo máa ń bú u pé ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ìwà náà ń ràn mí. Lọ́jọ́ kan omi ta sórí áyọ́ọ̀nù mi, ó di ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń sáré kiri, mo sì bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ẹnì kan pín ogún fún mi ni. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, à ń pín ìdí búrẹ́dì jẹ.

"Ìfẹ́ mi," ó ní, "mo fẹ́ wá rí Bàbá."

Búrẹ́dì há mi lọ́fun.

Bíríkìlà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, àwa méjì la wà nínú ilé, bàbá mi kì í sì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á jí, wọ́n á mu tíì, wọ́n á jókòó ti rédíò tí wọn kì í tàn. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ń lọ ni ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń fá irùngbọ̀n wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní odi ni ọkùnrin náà, kì í gbọ́ràn. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, pé èyí tó tún wá dáa jù níbẹ̀ ni pé kì í da ẹnikẹ́ni láàmú pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ nílùú mìíràn, lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú, pé òun ló yára jáde, èmi ni mo ṣẹ́kù, Bàbá ò ní fi mí sílẹ̀.

Síbẹ̀ ọkọ mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá mi dìde lórí àga, wọ́n ti awò ojú wọn sókè, wọ́n wò ó.

Ẹ̀rín kú mọ́ ọkọ mi lẹ́nu. Ó dúró gbagidi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ juwọ́ sí ẹnì kan lókèèrè, ó tún sọ wọ́n kalẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?" bàbá mi bi í.

"Ẹ... ẹ̀yin ń gbọ́ràn, sà?"

Bàbá mi yíjú sí mi, èmi náà yíjú sí wọn. Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé. Wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un pé àwọn dití.

Bí ìjókòó náà ṣe bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ jókòó sí etí àga, ó ń làágùn. Mo gbé tíì wá kí nǹkan lè rọ̀. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ pa dé, ó mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ ni, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bàbá mi bi í pé kí ló dé. Ó ní tíì náà ló gbóná bó ṣe yẹ. Wọ́n wá bi í pé kí ló ń mú inú rẹ̀ dùn láyé. Ó sọ òótọ́: aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ọsàn tí èèpo rẹ̀ kò já, ohùn mi bí mo bá ń bú u.

Bàbá mi gbé ife wọn kalẹ̀. "Ọkùnrin tí nǹkan kékeré ń tẹ́ lọ́rùn kò ní wá ńlá láéláé. Mi ò lọ́mọ fún ọ."

Mo sìn ín dé ojú títì, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì. Mo bi í pé irú ìwà wèrè wo ló hù nílé wa. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá rẹ ni adití mi," ó ní.

Mo mọ ọ̀rọ̀ adití náà. Oníbàárà tó fẹ́ràn jù ni, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé, tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìnura. Mo ní bàbá mi ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ bá bọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nìyẹn.

Ó wá tú u palẹ̀ fún mi. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ pé ẹni tó bá mú abẹ dání kì í lanu, nítorí ẹ̀rín kan tàbí ọ̀rọ̀ kan lè mi ọwọ́. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ wọlé, abẹ wà ní ọ̀fun oníbàárà mìíràn, ó sì fi ọwọ́ júwe àga fún wọn. Bàbá mi ti bọ́ awò ojú wọn sápò, torí ooru omi gbígbóná máa ń bo gíláàsì rẹ̀. Òjìji funfun kan tó ń juwọ́ ni wọ́n rí. Wọ́n ní odi nìyí, wọ́n fi ọwọ́ dá a lóhùn. Òun náà rí bàbá tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ní adití nìyí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń juwọ́ síra wọn.

A rẹ́rìn-ín débi pé a jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Lẹ́yìn náà ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín mi sì dá. Bí bàbá mi bá gbà pé odi ni, ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń sọ fún un.

"Kí ni wọ́n ń sọ lórí àga yẹn?"

"Mi ò lè sọ."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní bóyá ibẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi lé e wà, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ojú tó fi wò mí fi hàn pé ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, kò sọ. Mo bú u, kò sọ. Ó ní òun á jẹ́wọ́ fún Bàbá pé òun ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan bá sọ nígbà tí abẹ wà lọ́fun rẹ̀, òun kò ní gbé e fún ẹlòmíràn.

"Àní bó o bá máa pàdánù mi?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àní bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó máa lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi áyọ́ọ̀nù gbẹ̀san lára aṣọ aláṣọ.

Nígbà tó di Sátidé, ara mi ò gbà á. Mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láti lọ sọ fún un pé ó ti parí. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà ti wà létí ètè mi.

Bàbá mi ló wà lórí àga.

Orí wọn wà lẹ́yìn, aṣọ ìnura gbígbóná bo ojú wọn láti imú sókè. Apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti mọ́, ìhó ọṣẹ ṣì wà lára ìkejì. Ohun tó dá mi dúró ni ẹnu wọn: wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti gbàgbé pé eyín wọn rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi rí mi. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ojú bẹ̀ mí.

"Ìwọ tí o ò gbọ́ ni mo lè sọ fún," bàbá mi ń wí. "Mo lé ọmọkùnrin kan lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ mi ń wò ó bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá jí láàárọ̀, n kì í tètè dìde? Mo máa ń dùbúlẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń fi ṣíbí ro tíì nílé ìdáná. Òun ò mọ̀. Ìyẹn àti aṣọ gbígbóná yìí ni gbogbo ayọ̀ mi. Bó bá lọ, ilé yẹn á dákẹ́ pa mí."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹkún ò tiẹ̀ wá, ìyàlẹ́nu ò jẹ́ kó ráyè. Bàbá mi tó ní nǹkan kékeré kì í tẹ́ ọkùnrin lọ́rùn!

Ọkọ mi gbé abẹ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń gbọ́."

Bàbá mi fò dìde jókòó, aṣọ já bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ wá awò ojú nínú àpò, wọ́n gbé e sójú pẹ̀lú ọṣẹ. Wọ́n wo ọkùnrin náà. Wọ́n wo dígí, wọ́n sì rí mi nínú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́?"

"Láti ọjọ́ kìíní, sà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ara yín."

"O sì ti lọ sọ fún un."

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá," mo ní. "Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ní màá kọ̀ ọ́. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ báyìí."

Wọ́n tún yíjú sí i. "Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí mò ń lé ọ, o mọ ìdí rẹ̀?"

Ó ní òun mọ̀.

"O lè tú àṣírí mi níbẹ̀, lójú ọmọ mi."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ ti àga náà. Mo ní mi ò lọ síbì kankan mọ́, màá dúró tì wọ́n. Ó ti ọkàn mi wá. Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó tẹ orí ba, kò bá mi jiyàn.

"Dìde," bàbá mi ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù bàbá kì í ṣe ohun tí à ń fi so ọmọ mọ́lẹ̀. Mo sì tún fi ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé orí sẹ́yìn. "Ìwọ, parí apá kejì. Bó o bá sì ṣe tán, kí ẹ lọ mú ọjọ́."

A ṣe ìgbéyàwó wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó wo Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí pé kí ni mo fún wọn mu.

Lọ́jọ́ tí mo kó jáde, Bàbá fúnra wọn ló gbé àpótí mi síta. Mo fẹ́ dì mọ́ wọn. Wọ́n ní ká máa lọ kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. A ò tíì dé ẹnu géètì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti inú ilé. Mo dúró. Ọkọ mi náà dúró.

Bàbá mi ń kọrin. Láyé mi, mi ò gbọ́ kí wọ́n kọrin rí, àní nígbà tí ìyá mi wà láàyè. Wọ́n ń kọ ọ́ sókè, wọ́n ń fi nǹkan lu tábìlì sí i.

Ohùn wọn burú jáì. A dúró gbọ́ ọ tán.