Èyí Tí Apá Wa Ká

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Láníyì, ariwo ni mò ń pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jó tírànsísítọ̀ mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo èyí tí a ní kò sì ju mẹ́fà lọ. Èmi Kúlísúmù ni mò ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ọ̀wọ̀, lọ́dún 1996.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. "Èmi ni kí ẹ bá wí. Èmi ni mo ní kí wọ́n so ó bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú. Olùkọ́ tuntun ni, ọmọ Ìdóàní, ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. N kò mọ ibi tí inú tó ń bí mi gbà lọ.

Kò pé oṣù kan, ọ̀gá wa pe àwa méjèèjì. Kọ̀ǹpútà méjì ti dé. Ó ní ká wá sọ́fítíwíà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi so wáyà àti tírànsísítọ̀ pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó sì fi hàn wọ́n bóyá yóò ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun gidi.

"Ṣùgbọ́n èyí tí apá wa ká ni kí ẹ wá o," ló wí.

Mẹ́ta la rí. Èkíní dára púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n ń fún ẹ̀ka wa lọ́dún lọ. Èkejì, ọkùnrin kan ló jí i dà kọ, tó ń tà á ní pọ́ọ́kú. Láníyì fẹ́ rà á.

"Kí lẹ fẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ yìí, ọ̀gá?" ni mo bi Láníyì. "Iṣẹ́ iná ni, àbí olè jíjà?"

"Òótọ́ lẹ sọ," ló dáhùn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn tó ṣe é fi ta akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rẹ, tí wọ́n sì gbà kí ẹnikẹ́ni dà á kọ sí díìsìkì. Kò lè gbà ju tírànsísítọ̀ mẹ́wàá lọ. Láníyì ní ó kéré jù. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, Fàsásì, tó ń tún rédíò ṣe láàárín ìlú, mo ya inú rédíò kan, tó ní tírànsísítọ̀ méje péré, sórí ìwé. A tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iye iná tí kọ̀ǹpútà pè, iye yẹn gan-an ni mítà bàbá mi pè. Láníyì fò sókè, ó dì mọ́ mi. A ò sì tètè fira wa sílẹ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń pè mí ní Kúlì mi, èmi náà ń pè é ní olówó orí mi, bí ẹni pé wọ́n ti san án.

Ó mú mi dé Ìdóàní. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi ẹran tó dára jù sínú oúnjẹ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ìgbà wo lo máa ṣèrìbọmi?"

Bàbá tèmi náà fẹ́ràn Láníyì. "Ọmọlúàbí ni ẹ́," ló sọ fún un. "Ṣé wàá máa bá wa kírun?"

Kò sí ẹni tó gbà nínú àwa méjèèjì.

"Ká lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù l'Ákùúrẹ́," ni Láníyì wí. "Tó bá yá, wọn yóò gbà." Mo ní mo ti gbọ́. A mú ọjọ́ Tọ́sìdeè.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè náà, mo lọ sọ fún bàbá mi, torí n kò lè fọwọ́ ara mi jí ara mi gbé. Ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí, àfi ọjọ́ tí ìyá mi kú.

"Mi ò ní ṣẹ́ ẹ lépè," ló wí. "Ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni mí, ọmọ Ọ̀wọ̀ yìí, mi ò ní bú ẹ láàárín ìgboro. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo tọ́ ẹ, Kúlísúmù. Tí o bá lọ, n ó kàn máa dákẹ́ ni."

N kò lọ. Láníyì dúró ní kóòtù láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá síbi iṣẹ́. Kò bú mi. Ó kan ní, "Ǹ bá ti dúró dè ọ́ fún ọdún mẹ́wàá, Kúlì, ká ní o ránṣẹ́ sí mi pé o ò ní wá." A jọ ń kọ́ àwọn ọmọ náà fún oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láàárín wa. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ sí Minna. Mo sìn ín dé gáréèjì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ kún, ó bá wọ inú rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Àwọn tó wá fẹ́ mi, n kò dá wọn lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 1999, bàbá mi pè mí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọkùnrin Ìdóàní yẹn," ló wí, kò wojú mi. "Mo ti rò ó. Ẹ̀sìn kì í ṣe ọ̀tá. Kọ̀wé sí i, sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀.

"Bàámi," ni mo wí, "ó ti gbéyàwó ní Àjíǹde tó kọjá."