Oúnjẹ Bàbá Joy

"Ìrẹsì yẹn ń rùn bí epo dísẹ́ẹ̀lì," Bàbá Ọlálérè wí. "Mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ tán."

"Ebi ló jẹ ẹ́ tán, kì í ṣe àwa," Bàbá Bọ́dúndé fèsì. "Ajá tó rí i lọ́jọ́ náà, ńṣe ló yà fún un."

Àwọn àgbà mẹ́ta náà rẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá Joy ni wọ́n jókòó sí ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí èèyàn ti lè gbójú sókè kó rí òkè Olósùnta. Sójà ni gbogbo wọn nígbà ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n wọn kò sí lára àwọn tó ń yìnbọn níwájú. Ẹgbẹ́ tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn yẹn ni wọ́n wà. Bọ́dúndé ń wa lọ́rì, Ọlálérè ń dáná, Pius, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Joy, sì ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí.

Títílọlá, ọmọ-ọmọ Bàbá Bọ́dúndé, jókòó sẹ́yìn wọn, ó ń dúró de kúlà oúnjẹ tí yóò gbé padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti gbọ́ ìtàn ìrẹsì olóòórùn dísẹ́ẹ̀lì yẹn títí ó fi sú u, síbẹ̀ ó fẹ́ràn láti gbọ́ ọ.

"Pius," Bàbá Ọlálérè wí, "kí lorúkọ ọmọ Ìdànrè yẹn, tó máa ń tọ́jú bísíkíìtì sínú ìbọ̀sẹ̀?"

"Adétúnjí," Bàbá Joy dáhùn kíá. Òun ni wọ́n ń bi ní ohunkóhun tí wọ́n bá gbàgbé. "Ó ní bí òun bá kú, òun ò fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ pé ebi ló pa òun. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé, bísíkíìtì náà ṣì wà níbẹ̀. Ó le bí òkúta. Omi ò rẹ̀ ẹ́."

Bàbá Joy ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ tí lọ́rì wa rì sínú ẹrẹ̀ ló máa ń dùn mí jù," ó wí. "Ìbẹ́pẹ dúdú ni wọ́n ń sè jẹ níwájú, kò síyọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan ò lè na ọwọ́ gba oúnjẹ mọ́."

Àwọn àgbà wọ̀nyí kò fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ tán. Ìyàwó Bàbá Joy ti kú, Joy ọmọ rẹ̀ sì wà ní Kàdúná pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí àrùn àtọ̀gbẹ ti mú ojú bàbá náà ṣú, Bàbá Ọlálérè ni ó ń se oúnjẹ rẹ̀: àsáró ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Títílọlá ni ó ń gbé e lọ fún un bí ó bá ti ilé-ìwé dé. Bí Bàbá Joy bá ti gbọ́ agogo ìjáde ilé-ìwé, yóò gbé oògùn rẹ̀ mì, nítorí ó mọ̀ pé oúnjẹ ti wà lọ́nà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá lo oògùn náà láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kó sì dákú. Títílọlá wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ ọ́.

"Kọ́pùrù Títí kì í já mi kulẹ̀," bàbá náà máa ń wí, bí ẹni ń pe sójà.

Ní ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Èkìtì fẹ́ pé ọdún kan, ilé-ìwé wọn sì ń múra láti yan bí ológun níbi àjọyọ̀ rẹ̀. Títílọlá ti ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ wà ní ìlà iwájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó ti gba kúlà lọ́wọ́ Bàbá Ọlálérè, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé-ìwé, nígbà tí Tẹniọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é.

"Oní-fọ́tò ti dé o. Tíṣà ń yan àwọn tí yóò wà níwájú. Ìwọ tún ń gbé oúnjẹ sójà kiri?"

"Mo fẹ́ yára gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Joy ná."

"Kí o tó dé, Mojírádé ti gba àyè rẹ. Àbí bàbá náà yóò sá lọ ni? Àgbàlagbà tó ja ogun, ebi díẹ̀ ni yóò wá pa á?"

Àwọn ọmọbìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Títílọlá wo ọ̀nà, ó wo pápá. Ó gbé kúlà sí ẹsẹ̀ igi kan. Ó ní òun ò ní pẹ́.

Ó pẹ́. Wọ́n yàn lọ, wọ́n yàn bọ̀, tíṣà ní kí wọ́n tún un yàn. Oní-fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Títílọlá yóò fi gbé kúlà náà, òjìji igi ti gùn gan-an lórí koríko. Ó sáré.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ó bá Bàbá Joy, nílẹ̀. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ó pè é, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kan. Títílọlá ké sí aládùúgbò, ó sì sá lọ pe bàbá rẹ̀ àgbà. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìtọ́jú, Bàbá Bọ́dúndé di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn bí ọmọdé.

"Ṣé ó lo oògùn rẹ̀?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó lò ó," Bàbá Bọ́dúndé wí. "Kì í gbàgbé."

"Ṣé ó jẹun?"

Bàbá Bọ́dúndé kọjú sí Títílọlá. Òun náà ń dúró de ìdáhùn. Ojú rẹ̀ kò ní ìfura kankan nínú, èyí ni kò jẹ́ kí ọmọ náà lè sọ òótọ́.

"Ó jẹun, mà."

"Tó bá ti jẹun, kì í ṣe pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ nìyẹn," nọ́ọ̀sì wí. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò ti tán níbẹ̀. Ó ní ó jọ ibà líle, tàbí kí ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó fún un lábẹ́rẹ́ ibà, ó sì rán ẹnì kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Adó.

Wọ́n jókòó. Bàbá Joy ń mí bí ẹni tí ń gun òkè. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Bàbá Ọlálérè wọlé, tó ń mí hẹlẹ, eérú ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ mi ni?" ó bi nọ́ọ̀sì. "Mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i lónìí. Ó ti ń ráhùn pé kò dùn. Ṣé iyọ̀ yẹn ni?"

Títílọlá dìde. "Kò jẹun," ó wí. "Mo dúró ní pápá. Mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò. Kò jẹ nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó sáré ni. Ó fa omi ṣúgà sí bàbá náà lára, ó sì ń pe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Títílọlá kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, síbẹ̀ ó ti pẹ́ jù. Bàbá Joy kò kú, ṣùgbọ́n ẹni tó jí kì í ṣe ẹni tó dákú. Dókítà sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti wà láìní ṣúgà pẹ́ jù, ohun tó sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Joy ti Kàdúná wá. Bàbá rẹ̀ kí i bí àlejò, ó ní kó jókòó.

Títílọlá ń retí kí bàbá rẹ̀ àgbà nà án. Kò nà án. Ó pè é jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí pèpéle iwájú ilé.

"Nígbà ogun," ó wí, "lọ́rì mi pẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́rì tó bá pẹ́, wọn á rán èèyàn lọ wá a, wọn á fà á yọ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ó ti dé, nígbà tí kò tí ì dé, ta ni yóò wá a lọ? Àwọn tó wà níwájú á kàn máa kú ni. Dídúró rẹ ní pápá, ọmọdé ni ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní ó ti jẹun, ìwọ lo ní ká má wá a mọ́."

Títílọlá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Bọ́dúndé kò ní kó dákẹ́.

Kò bá wọn yan níbi àjọyọ̀ náà. Nígbà tí Tẹniọlá mú fọ́tò wá fún un, ó rí ara rẹ̀ ní ìlà iwájú, tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà. Àwọn àgbà náà ṣì ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ṣùgbọ́n ìtàn wọn ti ń já lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbàgbé orúkọ kan, kò sẹ́ni tí wọn yóò bi.

Títílọlá kò ṣíwọ́ gbígbé oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ní kó máa gbé e. Bí agogo bá ti dún, kò tún yà síbì kankan.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Bàbá Joy máa ń bi í bó bá ti wọlé.

"Títílọlá ni mí, bàbá, ọmọ-ọmọ Bọ́dúndé."

"Bọ́dúndé," bàbá náà a tún un wí, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò tí kò mọ adùn rẹ̀.

Títílọlá ti mọ̀ báyìí pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, àti pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì lè rí ẹni gbà á là. Irọ́ ni í dínà mọ́ olùrànlọ́wọ́. Ó bu àsáró sí ṣíbí, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó sì dúró títí bàbá náà fi la ẹnu.