Obìnrin Tó Ń Ṣeré Ìmárale Lẹ́yìn Kóòṣì

Mo ṣèlérí tọkàntọkàn pé ìtàn yìí ò ní gùn. Ẹni tó bá gbé omi kaná kó fi sílẹ̀ lórí iná, kò ní gbẹ kí n tó parí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tó bá ṣòro fún yín láti gbà gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni mi ò fi nǹkan kan kún.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìmárale. Kóòṣì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Yàrá gbọọrọ kan ló ń lò nísàlẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Dígí wà lára ògiri kan, ẹní rọ́bà wà nílẹ̀, fáànù kan sì wà lókè tó ń ráhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Kò sí ohun tó ṣe yàrá náà àfi pé àwọn èèyàn ò wá mọ́. Jíìmù ńlá kan ti ṣí sí òdìkejì òpópónà. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ le débi pé èèyàn lè ṣeré ìmárale títí kó má làágùn rárá, ó sì jọ pé ohun tí àwọn èèyàn ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta táyà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ń wá ibi tí yóò kó táyà sí ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé, ó wo àwọn ẹní tó ṣófo, ó wo fáànù, ó wá rọra gbé táyà kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lèyí, Bọ̀dá mi?"

"Táyà ni."

"Mo rí i pé táyà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró tí mi ò rí èèyàn níbí, àwọn ẹbí rẹ̀ á wá bá a."

Kóòṣì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kì í fi ẹnu lásán halẹ̀. Tí yàrá yẹn bá lọ, kò ní ibòmíràn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ló bá gbé fóònù rẹ̀ lé orí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láìfù láràárọ̀, kí àwọn èèyàn lè máa wò ó látilé wọn, nígbà tí kùrukùru ṣì ń fara ti fèrèsé. Ohun tó mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó máa ń bá àwọn tó ń wò ó wí bí ẹni pé ó ń rí wọn. Á ní kí Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára wọn, fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Á ní òun ti rí òmíràn, Ìyàwó Awakọ̀, tó jókòó. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣeré ìmárale láyé yìí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, nítorí náà kálukú gbà pé òun ni wọ́n rí. Inú wọn sì ń dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo àwọn kan nínú wọn débi pé yóò bá wọn wí.

Àmọ́ wọn ò pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú fóònù dá páropáro, Kóòṣì dá ọgbọ́n kan. Ó yíjú díẹ̀ sí ẹ̀yìn yàrá, níbi tí ẹní kan ṣoṣo wà lẹ́bàá ògiri, ó ní, "Màmá Ẹ̀yìn, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má sápamọ́ o, ẹ̀yin náà, ẹ lóṣòó."

Kò sí Màmá Ẹ̀yìn kankan. Ó dá a sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń dá àwàdà sílẹ̀ ni, kí yàrá lè dà bí ibi tí èèyàn wà. Ẹ̀rín pa àwọn tó ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n béèrè Màmá Ẹ̀yìn. Kóòṣì tún kí i. Ó fún un ní ọjọ́ orí, ó fún un ní èjìká tó ń dùn ún, ó tiẹ̀ ń bá a ṣàwàdà pé àárẹ̀ ò mú un tó bẹ́ẹ̀, ìmẹ́lẹ́ ni. Àwọn tó ń wò ó ń pọ̀ sí i. Àwọn kan pe ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn gbéra nílé wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá, àwọn ẹní iwájú sì kún. Kò sẹ́ni tó tẹ ẹní ẹ̀yìn. Kóòṣì rò pé ìtìjú ló ń ṣe wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀. Ó yà wá lọ́sàn-án nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn yàrá.

"Ẹ bá mi kí Màmá Ẹ̀yìn. Aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n fi wérí yẹn wù mí."

"Màmá Ẹ̀yìn wo, Nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, Kóòṣì. Màmá tó ń ṣe é dáadáa jù yín lọ."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ tán, Kóòṣì jókòó sílẹ̀, ó ṣí fídíò àárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ara rẹ̀, lórí ẹní ẹ̀yìn, ó rí obìnrin àgbà kékeré kan tó fi aṣọ àwọ̀ ewé wérí. Ojú rẹ̀ ò hàn dáadáa, ó dà bíi pé kùrukùru ìta ti wọlé wá dúró sí apá ibẹ̀ nìkan. Ó ń lóṣòó, ó ń dìde, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú omi. Kò sí ohun tó bani lẹ́rù lára rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ó ti máa ń lóṣòó kí Kóòṣì tó sọ pé kí wọ́n lóṣòó.

Kóòṣì bojú wẹ̀yìn. Ẹní. Ògiri. Lórí rọ́bà ẹní náà, ojú ẹsẹ̀ méjì tó tẹ̀ wọlé wà tó ń wú padà díẹ̀díẹ̀, bí ìyẹ̀fun pípò.

Ó gòkè lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó tiẹ̀ pa rédíò.

"Ṣé ó ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu?"

"Rárá o."

"Ṣé ó máa ń pẹ́ dé?"

"Kì í pẹ́."

"Oníbàárà gidi nìyẹn. Ìwọ lò ń pẹ́."

Kóòṣì ò lè fara dà á. Láràárọ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Níkẹyìn, lójú gbogbo wọn, àwọn tó wà lórí láìfù àtàwọn tó wà nínú yàrá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Kò sí Màmá Ẹ̀yìn kankan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Nínú fóònù, ó rí i tí obìnrin náà dáwọ́ ìlóṣòó dúró. Ó nàró. Ó tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi há abẹ́ apá, ó sì jáde. Ẹní tó wà nínú yàrá ò kúrò níbi tó wà. Ti inú fóònù nìkan ló lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí láìfù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń pa iná ilé kan láti yàrá dé yàrá. Àwọn tó wà nínú yàrá mú táwẹ́ẹ̀lì wọn. Kò sẹ́ni tó bú Kóòṣì. Nọ́ọ̀sì ló jáde kẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ò bá ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán."

Wọn ò padà wá. Òjò dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó táyà wọlé láìsọ nǹkan kan, ó ń tò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ dígí, títí wọ́n fi dé etí fèrèsé, yàrá wá ń rùn bí ojú ọ̀nà tóòrùn pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí Kóòṣì kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gbé fóònù lé orí táyà. Nọ́ọ̀sì àtàwọn mélòó kan péré ló ń wò ó.

"Màmá Ẹ̀yìn, ẹ má bínú mà. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Àyè yín ṣì wà."

Fáànù ń ráhùn lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò. Ibi tó ń gbé jìnnà, òru ni lọ́dọ̀ tiwọn.

"Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi kọjá."

Ẹlòmíràn kọ̀wé láti ìlú tó sún mọ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ti wà lọ́dọ̀ àwọn, ẹní wà lábẹ́ apá wọn. Ìyàwó Awakọ̀ kọ̀wé pé wọ́n ń rìn láàárín afárá, àwọn ọkọ̀ sì ń yà fún wọn láìfọn fèrè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ọ̀rọ̀ kìíní àti ìkẹta. Kóòṣì mọ bí àwọn ibẹ̀ ṣe jìnnà síra tó. Àwọn tó ń wò ó ń pọ̀ sí i, bí ìgbà tí wọ́n ń tan iná ilé kan padà.

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé: "Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà yín. Ṣé ẹ tì í ni?"

Kóòṣì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lápò. Kò lọ ṣílẹ̀kùn. Kò sì sọ pé kí wọ́n má wọlé.

Nọ́ọ̀sì tún kọ̀wé: "Ẹ ṣeun, Kóòṣì. Wọ́n ti tẹ́ ẹní wọn."

Kóòṣì tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò jẹ́ kí ojú òun lọ sórí àwòrán. Ó gbọ́ èémí kan lẹ́yìn, èémí ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó dúró títí èémí náà fi rọlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, yàrá kún débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá ń kó táyà jáde, tó ń kùn sínú. Kóòṣì jókòó lórí àpótí, ó ń wò ó. Nígbà tó gbé èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ó dúró, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n kọjá," ó wá gba ẹ̀gbẹ́.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Bọ̀dá mi?"

"Èmi? Mi ò sọ̀rọ̀," ló wí, ó sì gbé táyà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí dúró láàárín wa. Ẹ má sọ ọ́ níta, ẹ má sì lọ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò ẹnikẹ́ni. Màmá Ẹ̀yìn náà máa ń kà á.