Ihò Tí Kì-í-tàsé Dí Pa

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Kì-í-tàsé. Bó bá fi òòlù lu ìṣó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ìṣó náà ti wọlé tán; kò ní wọ́, kò ní tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ràn orúkọ yẹn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ kan le, á ní, "Lọ́wọ́ ta ni?"

Kì í lọ sí ilé Ọlọ́run. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi omijé bẹ̀ ẹ́, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ìyá wọn, Ọlọ́run ò bá mi gé pákó rí. Ọwọ́ mi yìí ló ń bọ́ wa."

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ti jọ wà láti kékeré. Ọ̀rẹ́ náà ń tún fóònù ṣe, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Onígbàgbọ́ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ fóònù, ó ra ẹ̀rọ kan tó ń wa bítíkọ́ìnì, ìyẹn owó orí ayélujára tí a kì í fọwọ́ kàn. Ìṣirò ni ẹ̀rọ náà ń ṣe tọ̀sán-tòru kí ìwọ̀nba owó yẹn tó wọlé, ìṣirò náà sì máa ń mú un gbóná bí ààrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fáànù kéékèèké méjì sí i, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń sáré àsápajúdé.

Ariwo wọn! Bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tí kò rí nǹkan lọ̀. Yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ni Ẹnjiníà gbé e sí, síbẹ̀ gbogbo ayálégbé ló ń gbọ́ ọ. Bàbá arúgbó kan nínú ilé náà sọ pé òun ti wá ń dúpẹ́ pé etí òun di. Ìyàwó Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kì í sì í sùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí á fi ta jí. Nígbà tó yá, onílé fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì: kí wọ́n pa ẹnu ẹ̀rọ wọn mọ́, tàbí kí wọ́n kó jáde.

Ẹnjiníà bá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀. Ó ti ya àwòrán àpótí kan sórí ìwé.

"Wò ó," ó ní, "atẹ́gùn tútù á gba ìsàlẹ̀ níwájú wọlé, èyí tó gbóná á gba ẹ̀yìn jáde. Má jẹ́ kí ọ̀nà náà tọ́ gbọnrangandan. Jẹ́ kó yà síbí, kó yà sọ́hùn-ún. Ariwo á máa kọlu pákó, á máa rọ̀. Atẹ́gùn ní tiẹ̀ á rọ́nà lọ. Èmi á yọ fáànù kéékèèké yẹn, màá fi ńlá kan tó ń rọra yí sí ẹnu ihò ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ihò ẹ̀yìn yẹn, ọ̀rẹ́ mi, kò gbọdọ̀ dí. Tó bá dí, a ti dáná sun ilé nìyẹn."

Kì-í-tàsé rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi lò ń kọ́ níṣẹ́ pákó? Lọ sọ fún wọn nílé pé lọ́jọ́ tí mo bá gbé àpótí yìí dé, ìró ẹ̀fọn ni wọ́n á máa gbọ́."

Ó kan àpótí náà, ó sì dára lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, àwọn ayálégbé pé jọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀, wọ́n tan án. Ariwo náà lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ó tiẹ̀ lè ju ìdajì lọ. Inú Ẹnjiníà dùn. Ṣùgbọ́n ìró kan ṣì ń gba ihò ẹ̀yìn jáde, hùùù, ni ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé bá kígbe: "Ẹ̀fọn wa dà? Ẹ wá wò ó o, Kì-í-tàsé tàsé lónìí!"

Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà bá Kì-í-tàsé délé, ó bá a dórí oúnjẹ, kò sì jẹ́ kó gbé òkèlè mì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ẹnjiníà ti lọ sí ìsọ̀, ó padà wá. Ó sọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi sándípépà ha etí àpótí. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó yọ àjákù fóòmù ibùsùn kan nínú àpò rẹ̀, ó sì kì fóòmù náà bọ inú ihò ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀nà ti yà, tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Ariwo dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí àwọn ayálégbé dé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tẹríba bí ọba.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹnjiníà pè é lórí fóònù. "Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ooru ẹ̀rọ yìí ń gòkè. Ṣé ihò ẹ̀yìn yẹn ṣí dáadáa?"

Òtítọ́ gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ó ní, "Ó ṣí gbayawu. Oòrùn àsìkò yìí ló fà á." Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀la ni òun á lọ yọ fóòmù náà.

Ẹnjiníà gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́?

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tó dí ihò náà, lọ́sàn-án gangan, iná sọ. Ooru tí kò rọ́nà jáde yọ́ ara wáyà, iná mú fóòmù, fóòmù mú pákó. Ìyàwó Ẹnjiníà wà nídìí omi, ó ń fọ aṣọ ọmọ. Ọmọ ń sùn ní yàrá tó tẹ̀lé ti ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì sùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi máa rí èéfín, àpótí ti ṣubú dí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé yàrá ọmọ, ó ń jó lala. Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìsọ̀ bọ̀ wá jẹun ni. Kò wá igi, kò wá omi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi gbá àpótí iná náà mú, tó fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó tó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ó gbé e jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fa èéfín símú, kò lè ké. Awọ ọwọ́ bàbá rẹ̀ sì ti bó.

Kì-í-tàsé gbọ́, ó sáré dé ọsíbítù. Ìyá ìyàwó Ẹnjiníà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń na ìka sí àna rẹ̀ lójú.

"Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ! Mo ní kí o tà á, o ò gbọ́. Owó tí a ò fojú rí lo fẹ́ tìtorí rẹ̀ pa ọmọ ọmọ mi!"

Ẹnjiníà kò gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti tú u wò."

Kì-í-tàsé dúró níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ méjì sí wọn lọ. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ yẹn, àlàáfíà tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó wọn ilẹ̀kùn oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gé e kúrú. Òun tí kì í mutí rí bẹ̀rẹ̀ sí mu ún láàárọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ọsíbítù, á dúró sẹ́yìn dígí, á máa wo rọ́bà tí wọ́n fi sí imú ọmọ náà, á máa wo àyà kékeré yẹn bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ sókè, èémí tirẹ̀ náà á dúró. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́run," á ní, "tí O bá..." Ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Onílé ní kí Ẹnjiníà kó jáde. Àwọn ayálégbé kò kí i mọ́. Gbogbo èyí ni Kì-í-tàsé ń gbọ́, tí ó ń mi orí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí iná ti sọ, ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn ọsíbítù. Báńdéèjì wé ọwọ́ Ẹnjiníà méjèèjì dé ìgúnpá.

"Bá mi ṣí Ìwé Mímọ́ yẹn," Ẹnjiníà ní. "Mi ò lè ṣí i fúnra mi. Ka ibi tí mo fi okùn sí."

Ó kà á. Ìtàn ọjọ́ tí wọ́n ṣèdájọ́ Jésù ni. Wọ́n mú apànìyàn kan jáde, wọ́n mú Jésù aláìṣẹ̀ jáde, àwọn èrò sì ní kí wọ́n tú apànìyàn sílẹ̀, kí wọ́n kan aláìṣẹ̀ mọ́gi. Kì-í-tàsé dé ibi tí ọ̀daràn náà ti ń lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbójú kúrò lórí ìwé. Ó ń wo báńdéèjì.

"Kà á lọ."

"Mi ò lè kà á mọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo dí ihò yẹn." Ó pa Ìwé Mímọ́ náà dé. "Fóòmù ni mo kì bọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín. O bi mí, mo purọ́ fún ọ. Wọ́n bú ọ lójú mi, mo dákẹ́."

Ẹnjiníà wò ó. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ògiri.

"Jáde," ó ní.

Ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ bá a ní ìsọ̀, ó ń kó ayùn àti òòlù sínú àpò. Ó ti sọ ohun gbogbo fún obìnrin náà.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí."

"Ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà ò ti ní mọ ara yín?"

Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sínú ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀, ó gbá orí mú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. "Mo gbé! Ìyá wọn, mo gbé o!"

Ibẹ̀ ni òjìji kan ti bo ẹnu ọ̀nà. Ẹnjiníà ni, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti ọsíbítù.

"Mo bínú sí ọ," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo fẹ́ kí nǹkan burúkú ṣe ọ́. Mo bá Ọlọ́run jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní, ọmọ mi ni, ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ibi tí o kà yẹn kò fi mí sílẹ̀. Ọ̀daràn tí wọ́n tú sílẹ̀, èmi ni. Ẹni tó kú ní ipò mi mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, kò sì yí ojú sí ògiri." Ó mí kanlẹ̀. "Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi ò tó ọ. Mi ò lè wẹ ọkàn rẹ mọ́. Jésù nìkan ló lè ṣe é. Ké pè é."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ké pè é."

"Bí o ṣe sọ fún mi lánàá ni kí o ṣe sọ fún un."

Káfíńtà náà kúnlẹ̀. "Jésù, ìgbéraga mi ló fa èyí. Mo purọ́. Mo jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi mi. Mi ò ní àwáwí kankan. Ṣàánú mi, má jù mí nù." Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. Wọn kò tètè dìde. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ẹrù tó gbé fún ọjọ́ mẹ́wàá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó Ẹnjiníà, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá náà gbá a létí. Ó tó oṣù mélòó kan kí ìyá náà tó dáhùn kíkí rẹ̀. Kì-í-tàsé tún lọ bá onílé àti àwọn ayálégbé, ó tún un sọ lójú gbogbo wọn. Onílé ní kí Ẹnjiníà má kó lọ mọ́. Kì-í-tàsé ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún yàrá tó jóná kọ́. Ọmọ náà délé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń wúkọ́ bí ilẹ̀ bá tutù. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Ẹnjiníà kò ká dáadáa mọ́. Nítorí náà, lójoojúmọ́, bí káfíńtà bá ti palẹ̀ mọ́, á lọ jókòó ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á máa bá a di àwọn nǹkan kéékèèké inú fóònù mú.

Láìpẹ́ yìí, ẹnìkan láti àdúgbò mìíràn gbé irú ẹ̀rọ yẹn wá, ó ní òun fẹ́ kó dákẹ́ pátápátá. Káfíńtà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo lè dín in kù fún yín. Kò lè dákẹ́ tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé á dákẹ́ tán, irọ́ ló ń pa."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Èmi ò mọ ohun tí o ṣe. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀ báyìí, tí ìwọ ń mi orí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìwọ àti Ọlọ́run, ẹ̀yin méjèèjì kò sì tíì jọ sọ ọ́. O lè máa rò pé ọ̀la ni wàá ṣàtúnṣe. Káfíńtà yẹn náà rò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ni iná fi sọ.

Jésù kú nítorí ẹni tó jẹ̀bi. Kì í ṣe nítorí ẹni rere, nítorí rẹ ni. Kò ní kí o kọ́kọ́ wẹ ara rẹ mọ́. Òtítọ́ nìkan ló ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bó bá jẹ́ yàrá lo wà, ti ilẹ̀kùn, kí o kúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni, tàbí nídìí iṣẹ́, sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú ọkàn rẹ. Pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ, kí o ní kó ṣàánú rẹ. Ṣe é lónìí, kí o tó ká ìwé yìí sínú àpò. Ó ń tẹ́tí sí ọ.